Ìjà Inú Ọkọ̀ Ti Wà ní Èbúté: Fíìmù Nípa Àwọn Tí Òkun Há Mọ́

Lára àwọn fíìmù tí òǹwòran kì í lè gbójú kúrò lára wọn ni èyí tí ó dá lórí àwọn ènìyàn díẹ̀ tí jàǹbá há mọ́ ibi tí kò sí oúnjẹ, tí kò sí ìjọba, tí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn òde kò sì mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ erékùṣù tí ẹnìkan kò gbé, ó lè jẹ́ ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti dákẹ́ láàárín agbami, ó sì lè jẹ́ pákó lásán tí ó ń léfòó. Fíìmù ìjàkadì fún ẹ̀mí ni a lè pe irú eré bẹ́ẹ̀, ohun tí ó sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára fíìmù ogun tàbí ti adigunjalè ni pé àwọn ọ̀tá tí a kọ́kọ́ rí nínú rẹ̀, ìyẹn omi, oòrùn àti ebi, kọ́ ni ó burú jù níbẹ̀. Bí ìtàn bá ti ń lọ ni àwọn tí wọ́n jọ bọ́ nínú ewu yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara wọn, tí ọ̀rọ̀ yóò sì di ta ni yóò mu omi tí ó kù, ta ni yóò máa pàṣẹ, ta ni kí wọ́n jù sómi kí àwọn yòókù lè yè.

Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ fún irú ìjà yìí ni pé ebi máa ń sọ ènìyàn di ẹranko, pé bí òfin àti ọlọ́pàá bá ti kúrò nílẹ̀, kò sí ohun tí ó kù nínú ọmọ aráyé ju èékánná àti eyín lọ. Àlàyé náà rọrùn, ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wo àwọn fíìmù tí wọ́n ṣe nípa etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí a sì fi wọ́n wé ohun tí ojú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n fara pamọ́ gba èbúté Èkó jáde ti rí gan-an, a ó rí i pé àlàyé náà kò kún tó. Ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ lórí omi ti ta gbòǹgbò kí ọkọ̀ tó kúrò létí òkun: ó ti wà láàárín ẹni tí ó gba owó àti ẹni tí ó san án, ó ti wà láàárín ẹni tí wọ́n fún ní àyè tí ó dára àti ẹni tí wọ́n rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ti wà nínú òfin tí àwọn tí kò ní wọ inú ọkọ̀ náà láéláé jókòó ṣe. Òkun kàn ń mú un jáde síta ni.

Ìtàn tí ó jẹ́ bàbá fún gbogbo irú fíìmù yìí ṣẹlẹ̀ létíkun ilẹ̀ adúláwọ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 1816, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Faransé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Méduse, tí ó ń gbé gómìnà tuntun, àwọn ọmọ-ogun àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ sí Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gàl, gun orí òkìtì iyanrìn Arguin, ní etíkun ilẹ̀ tí a ń pè ní Mauritania lónìí, ó sì há síbẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ náà, Chaumareys, ti lé ní ogún ọdún tí ó ti tu ọkọ̀ kẹ́yìn. Ojú rere ọba tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà sórí oyè ni ó fi rí ipò náà gbà. Nígbà tí ó hàn gbangba pé ọkọ̀ kò ní gbéra mọ́, tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí ó wà nínú rẹ̀ kò sì gba gbogbo èrò, wọ́n so òpó àti pákó pọ̀ di pẹpẹ kan tí ó lè léfòó, wọ́n sì kó ènìyàn 147 lé e lórí, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọ-ogun àti atukọ̀ lásán, nígbà tí gómìnà àti ọ̀gá ọkọ̀ bọ́ sínú ọkọ̀ tí ó le. Àdéhùn wọn ni pé àwọn ọkọ̀ kéékèèké yóò máa fi okùn wọ́ pẹpẹ náà lọ sí etí ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi tú okùn náà dànù. Lẹ́yìn ọjọ́ 13, nígbà tí ọkọ̀ Argus rí wọn, ènìyàn 15 péré ni ó ṣẹ́kù láàyè, márùn-ún nínú àwọn yẹn náà sì kú láìpẹ́ ọjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n dé Saint-Louis.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ 13 náà ni gbogbo ayé ń rántí, pé wọ́n pa ara wọn lóru, pé wọ́n jà lórí àgbá ọtí wáìnì, pé wọ́n jẹ ẹran ara òkú. Ohun tí a kì í sábà sọ ni bí wọ́n ṣe tò lórí pẹpẹ náà: àwọn ọ̀gá ológun tí wọ́n ní ohun ìjà wà láàárín, níbi tí omi kò ti lè tètè gbá wọn lọ, àwọn ọmọ-ogun tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ sì wà ní etí, níbi tí ìgbì ti ń kó ènìyàn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlà tí ìjà náà tẹ̀lé nìyẹn, ìlà tí wọ́n sì ti fà láti inú ọkọ̀ ńlá ni. Méjì nínú àwọn tí wọ́n yè kọ ìwé lórí rẹ̀ ní ọdún 1817, ayàwòrán Géricault sì yà á ní ọdún 1819 sórí aṣọ ńlá tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris títí di òní. Ọkùnrin adúláwọ̀ ni ó fi sí ṣóńṣó orí àwòrán náà, tí ó ń ju aṣọ sí ọkọ̀ tí ó wà lókèèrè. Ọmọ-ogun adúláwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Jean Charles sì wà lóòótọ́ láàárín àwọn 15 tí wọ́n yè.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí òùngbẹ ń ṣe sí ara kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Lítà kan omi òkun ní iyọ̀ tí ó tó gíráàmù 35, kíndìnrín ènìyàn kò sì lè tọ ìtọ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà omi tí ẹni tí ó mu omi òkun ní láti tọ̀ jáde pọ̀ ju èyí tí ó mu lọ, òùngbẹ rẹ̀ sì ń le sí i. Bí iyọ̀ bá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́: ènìyàn yóò máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, yóò máa gbọ́ ohùn, yóò máa rò pé ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun fẹ́ pa òun, òmíràn sì lè dìde kí ó sọ pé òun ń lọ sílé, kí ó sì gbẹ́sẹ̀ sínú òkun. Láìsí omi mímu rárá, agbára káká ni ènìyàn fi ń kọjá ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin nínú oòrùn. Ìdí nìyí tí olùdarí fíìmù tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi í jẹ́ kí ìjà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Ó máa ń jẹ́ kí a ka kẹ́ẹ̀gì omi pẹ̀lú àwọn èrò ọkọ̀, kí a mọ iye tí ó kù, kí a sì mọ ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú. Nínú Lifeboat tí Alfred Hitchcock ṣe ní ọdún 1944, tí gbogbo ìtàn rẹ̀ wáyé nínú ọkọ̀ kékeré kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ náà dé ojú rẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù rí i pé ará Jámánì tí àwọn fà jáde nínú omi ti ń dá omi mu ní ìkọ̀kọ̀. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ti inú ọkọ̀ tí ó sọnù tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹni tí kò ní níbẹ̀ kò rí ibòmíràn lọ.

Fíìmù tí ó sọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa jù lọ láti ilẹ̀ tiwa ni La Pirogue, tí Moussa Touré, ọmọ Dakar, ṣe ní ọdún 2012. Ìwé tí Abasse Ndione, nọ́ọ̀sì tí ó di òǹkọ̀wé, tẹ̀ jáde ní ọdún 2008 ni wọ́n gbé ìtàn rẹ̀ kà. Àjọ̀dún fíìmù Cannes gbà á wọlé ní ọdún náà, àjọ̀dún Carthage ní Tunisia fún un ní ẹ̀bùn tí ó ga jù, àjọ̀dún FESPACO tí wọ́n ń ṣe ní Ouagadougou sì fún un ní ẹ̀bùn kẹta ní ọdún 2013. Ìtàn náà jẹyọ láti inú ohun tí Sẹ̀nẹ̀gàl fojú rí: ní ọdún 2006 nìkan, ó lé ní ènìyàn 31,000 tí wọ́n fi ọkọ̀ apẹja onígi gba orí òkun dé erékùṣù Canary tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Sípéènì, ọ̀pọ̀ tí kò dé kò sì sí nínú iye yẹn.

Baye Laye, tí òṣèré Souleymane Seye Ndiaye ṣe, jẹ́ apẹja tí ó mọ òkun dunjú, ó sì kọ́kọ́ kọ̀ nígbà tí wọ́n ní kí ó wá tu ọkọ̀ tí yóò kó ọgbọ̀n ènìyàn lọ sí Sípéènì, nítorí ó mọ ohun tí ó wà níwájú. Àbúrò rẹ̀ ti pinnu láti lọ, ẹja kò sí nínú òkun mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ọkùnrin tí ó ń ṣètò ìrìn-àjò náà, Lansana, sì ti gba owó àwọn ènìyàn jọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó mọ̀ pé kò yẹ kí ọkọ̀ náà lọ ṣe di ẹni tí ń tù ú. Níhìn-ín ni ọgbọ́n Moussa Touré ti hàn, nítorí ó pẹ́ létí òkun kí ó tó jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra. A rí àwọn Fúlàní àti àwọn ará Guinea tí wọ́n wá láti ìgbèríko, tí àwọn mìíràn nínú wọn kò tíì rí òkun rí láyé wọn, a rí bí kò ti sí èdè kan ṣoṣo tí gbogbo èrò náà jọ gbọ́ dáadáa, a sì rí bí wọ́n ti jókòó ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, oníkálukú lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tí ìbẹ̀rù mú ọ̀kan lára àwọn ará oko náà, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo láìdákẹ́, tí wọ́n sì so ó mọ́lẹ̀, òǹwòran tí ó ti wo ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà dáadáa ti mọ ẹni tí yóò fọwọ́ sí i àti ẹni tí yóò bínú sí i. Bákan náà ni ó rí nígbà tí wọ́n rí obìnrin kan ṣoṣo, Nafy, tí ó fara pamọ́ sínú ọkọ̀: àríyànjiyàn tí ó tẹ̀lé e kò ju èyí tí wọn ì bá ṣe nílé lọ lórí ibi tí ó yẹ kí obìnrin dúró sí.

Ibi tí fíìmù náà ti gún ènìyàn lọ́kàn jù ni ìgbà tí wọ́n pàdé ọkọ̀ mìíràn tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, tí àwọn èrò inú rẹ̀ ń ké pè wọ́n pé kí wọ́n ṣàánú àwọn. Oúnjẹ àti epo wọn kò tó, àyè kò sí, wọ́n sì kọjá lọ. Kò sí ẹni búburú nínú ọkọ̀ tí ó kọjá lọ yẹn; ìṣirò ni wọ́n ṣe, ìṣirò náà sì tọ̀nà, ohun tí ó mú kí ó ṣòro láti wò nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni ẹ́ńjìnnì tiwọn náà dákẹ́, tí ìjì jà, tí àwọn kan sọnù, títí tí àwọn òṣìṣẹ́ Red Cross ilẹ̀ Sípéènì fi rí àwọn tí ó kù, tí wọ́n sì dá wọn padà sílé. Ó yẹ kí a rántí pé Moussa Touré kan náà ni ó ti ṣe TGV ní nǹkan bí ọdún 1998, fíìmù tí ó kó èrò sínú bọ́ọ̀sì kan láti Dakar lọ sí Conakry; ó ti mọ̀ láti ìgbà náà pé ọkọ̀ tí ó kún ni ibi tí a ti ń rí ìlú, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó bá wọ dáńfó ní Pleasure ní Èkó láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ti ń gbọ́ gbogbo ẹjọ́ Alímọ̀ṣọ́ kí ó tó dé Òṣòdì.

Deadly Voyage, tí John Mackenzie darí fún iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n HBO ti Amẹ́ríkà ní ọdún 1996, mú ìjà náà wá sáàárín ẹgbẹ́ méjì: àwọn tí wọ́n fara pamọ́ sínú ọkọ̀ àti àwọn tí wọ́n ń tu ọkọ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ gidi ni. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1992, ọkọ̀ akẹ́rù MC Ruby kúrò ní èbúté Takoradi ní Gánà, àwọn ọkùnrin mẹ́sàn-án tí wọ́n fara pamọ́ sì wà nínú ikùn rẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà, tí wọ́n jẹ́ ará Ukraine, rí wọn, wọ́n gba owó wọn, wọ́n tì wọ́n mọ́ inú òkùnkùn, lẹ́yìn náà wọ́n ń mú wọn jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń pa wọ́n, wọ́n sì ń ju òkú wọn sómi. Ẹni mẹ́jọ kú, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ arákùnrin Kingsley Ofosu, ẹni kẹsàn-án. Kingsley nìkan ni ó rí ibi sá pamọ́ sí títí tí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀ sí Le Havre ní ilẹ̀ Faransé, tí ó sì bẹ́ sílẹ̀ lọ sọ fún ọlọ́pàá. Ní ọdún 1995, ilé-ẹjọ́ ní Rouen rán ọ̀gá ọkọ̀ náà àti igbákejì rẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Omar Epps ni ó ṣe Kingsley nínú fíìmù náà, inú rẹ̀ sì ni Chiwetel Ejiofor, tí wọ́n bí ní London sí ọwọ́ òbí ọmọ Nàìjíríà, ti kọ́kọ́ ṣe eré sinimá.

Ohun tí ó yẹ kí a mú jáde nínú ẹjọ́ náà ni pé ebi kò pa ẹnikẹ́ni lára àwọn tí wọ́n pànìyàn yẹn. Wọ́n ní oúnjẹ, wọ́n ní omi, wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì. Owó ìtanràn ni wọ́n ń bẹ̀rù, nítorí orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí máa ń di ìnáwó àwọn tí wọ́n fara pamọ́ sínú rẹ̀ ru ọkọ̀ náà, láti orí oúnjẹ àti ẹ̀ṣọ́ tí yóò ṣọ́ wọn títí dé owó bàálù tí yóò dá wọn padà. Àdéhùn àgbáyé lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun ti ọdún 1974 pàṣẹ fún ọ̀gá ọkọ̀ láti gba ẹnikẹ́ni tí ó bá wà nínú ewu là, ṣùgbọ́n òfin ẹnubodè ń fìyà jẹ ẹni tí ó bá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé. Àárín òfin méjèèjì yìí ni àwọn mẹ́jọ náà kú sí.

Èkó kò jìnnà sí ìtàn wọ̀nyí rárá. Láti Pleasure, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ tí ètò ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé èrò rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan, ènìyàn kò lè gbúròó òkun, ṣùgbọ́n bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kò bá dí ọ̀nà, ìrìn-àjò ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ibẹ̀ àti èbúté Apapa. Láti èbúté Èkó ni ọkọ̀ epo Alithini II ti gbéra ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, tí ó sì dé Las Palmas ní erékùṣù Canary lẹ́yìn ọjọ́ 11, tí wọ́n wá rí ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n jókòó sórí ìtọ́kọ̀ rẹ̀. Ìtọ́kọ̀ ni irin fífẹ̀ tí ó wà ní ìdí ọkọ̀, tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì. Àlàfo kékeré kan wà lókè rẹ̀ tí ènìyàn lè rún ara sí, omi sì wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ tí kò tó mítà mélòó kan. Àwòrán tí àwọn olùgbẹ̀mílà ilẹ̀ Sípéènì yà nípa àwọn mẹ́ta náà yí gbogbo ayé ká.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ Ken Wave kúrò ní Èkó pẹ̀lú ẹni mẹ́rin lórí ìtọ́kọ̀ rẹ̀. Ìtàn tí àwọn wọ̀nyí sọ fún àwọn akọ̀ròyìn ni ó bá kókó àpilẹ̀kọ yìí mu jù lọ. Apẹja kan ni ó wa ọ̀kan nínú wọn dé ìdí ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gòkè, ó bá ọkùnrin mẹ́ta tí kò mọ̀ rí níbẹ̀, tí àwọn náà ń dúró de ìgbà tí ọkọ̀ yóò gbéra. Ẹ̀rù bà á gidigidi, nítorí ohunkóhun kò dí wọn lọ́wọ́ láti tì í sínú òkun nígbàkígbà. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jọ ń bẹ̀rù àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n wà lókè orí wọn, pé bí wọ́n bá rí àwọn, wọ́n lè ju àwọn sómi. Wọ́n ta àwọ̀n yí ìtọ́kọ̀ náà ká, wọ́n fi okùn so ara wọn mọ́ ọn, agbára káká ni wọ́n sì fi ń rí oorun sùn. Ní ọjọ́ kẹwàá, oúnjẹ àti omi wọn tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi òkun. Lẹ́yìn ọjọ́ 14 àti nǹkan bí kìlómítà 5,600, àwọn ọlọ́pàá gbà wọ́n là ní Vitória ní orílẹ̀-èdè Bràsíl, ilẹ̀ tí kò sí lọ́kàn wọn rárá, nítorí Yúróòpù ni wọ́n rò pé ọkọ̀ ń lọ. Méjì nínú wọn ní kí wọ́n dá àwọn padà sílé, méjì sì béèrè fún ibi ìsádi.

Ẹni mẹ́rin, tí ọ̀kan kò mọ àwọn mẹ́ta yòókù rí, tí ìdí tí wọ́n lè fi pa ara wọn pọ̀, ni wọ́n fi okùn kan náà so ara wọn mọ́ irin kan fún ọjọ́ 14, tí wọ́n sì jọ sọ̀ kalẹ̀ láàyè. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí pẹpẹ Méduse kọ́ ni ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ó sì yẹ kí a béèrè ìdí rẹ̀. Èyí tí ó hàn ni pé kò sí ọ̀gá láàárín wọn, kò sí ẹni tí ó gba owó lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀, kò sì sí ibi tí ó dára ju ibòmíràn lọ lórí ìtọ́kọ̀ náà tí ẹnìkan yóò gbà tí ẹnìkejì yóò ní kò tọ́ sí i. Ní ọkọ̀ Grande Tema, tí òun náà ti Èkó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn yọ: àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ rí ẹni mẹ́rin tí wọ́n fara pamọ́, wọ́n tì wọ́n mọ́ yàrá kan, àwọn mẹ́rin náà já jáde, wọ́n ń halẹ̀ pé kí ọ̀gá ọkọ̀ sún mọ́ etí ilẹ̀ kí àwọn lè bẹ́ sómi, títí tí àwọn ọmọ-ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi bà lé ọkọ̀ náà lóru. Ilé-ẹjọ́ Old Bailey dá wọn sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn jíjá ọkọ̀ gbà ní ọdún 2019, ṣùgbọ́n ó dá wọn lẹ́bi ìwà jàgídíjàgan. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì ni ó pín ọkọ̀ yẹn sí méjì.

Àwọn olùdarí fíìmù Yorùbá ní ohun èlò tí ó pọ̀ tó níhìn-ín. Ìtàn tí ó gba agbami òkun máa ń jẹ owó, nítorí wọ́n ní láti wá ọkọ̀, òmùwẹ̀ tí yóò ṣọ́ àwọn òṣèré, àti ojú ọjọ́ tí ó dúró sójú kan. Ìdí nìyẹn tí Hitchcock fi ya Lifeboat sínú odò àtọwọ́dá ní sítúdíò. Ṣùgbọ́n ìtàn orí ìtọ́kọ̀ kò béèrè ju irin kan tí wọ́n lè rọ sílẹ̀, omi nísàlẹ̀ rẹ̀, àti òṣèré mẹ́rin tí wọ́n lè sọ̀rọ̀ kékeré kí ó sì wúwo. Ohun tí ó yẹ kí ẹni tí yóò ṣe é ṣọ́ra fún ni kí ó má ṣe fi ìjà tí kò ṣẹlẹ̀ kún un nítorí pé ẹ̀yà fíìmù yìí ń béèrè fún ìjà. Ìbẹ̀rù tí ọkùnrin kẹrin náà gbé gun ìtọ́kọ̀ tó láti gbé wákàtí kan àbọ̀: ó yẹ kí òǹwòran gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi í, kí ó mọ èdè tí wọ́n fi bi í, kí ó mọ ẹni tí ó ní kí ó pa dà àti ẹni tí ó sún kí ó lè rí àyè jókòó, kí ó sì mọ ohun tí olúkúlùkù wọn fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ibi tí wọ́n wà yẹn sàn lójú wọn ju ilé lọ.